Luxor ní Ọjọ́ Méjì: Bí Ẹ Ṣe Máa Wo Ibojì àti Tẹ́ńpìlì Àwọn Ọba Íjíbítì Kí Ẹ sì Mọ Ohun Tí Ẹ Rí

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ti Luxor dé tí fọ́tò kún inú fóònù wọn, síbẹ̀ tí wọn ò lè sọ ibojì ọba tí wọ́n wọ̀. Ẹ bi wọ́n pé ta ló gbé àwọn òpó ràgàjì tí wọ́n dúró tì yẹn nàró, wọ́n á ní Fáráò ni. Fáráò wo? Kò sí èsì. Wọ́n ti náwó, oòrùn ti pa wọ́n, orúkọ ọba náà sì wà lára ogiri gbangba tí wọ́n gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó ń dùn mí gan-an, torí pé àmì mẹ́fà péré léèyàn máa mọ̀ kó tó lè fi ojú ara rẹ̀ dá orúkọ ọba márùn-ún mọ̀.

Ẹni tó ní ọjọ́ méjì gbáko ní Luxor ni mo kọ èyí fún. Ọjọ́ kìíní jẹ́ ti ìwọ̀ oòrùn odò Náílì, níbi tí àwọn ibojì wà. Ọjọ́ kejì jẹ́ ti ìlà oòrùn odò, níbi tí Karnak (ọgbà tẹ́ńpìlì ràgàjì kan), mùsíọ́ọ̀mù àti tẹ́ńpìlì Luxor wà. Ẹ má gbìyànjú láti kó méjèèjì sínú ọjọ́ kan.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín

Físà ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ilé iṣẹ́ aṣojú Íjíbítì ni ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà máa ń gbà lọ. Ẹni tó ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà lè gba tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú yẹ́lò káàdì dání pẹ̀lú. Íjíbítì máa ń béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọlé.

Káàdì báńkì tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, Visa tàbí Mastercard. Ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń há gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ibojì àti tẹ́ńpìlì ní Íjíbítì kì í gba owó ọwọ́ mọ́, káàdì nìkan ni. Bí káàdì náírà yín kò bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi, ẹnu ọ̀nà lẹ máa dúró sí. Ẹ bi báńkì yín kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ fi ra nǹkan kékeré kan ní Káírò láti dán an wò, kí ẹ sì ní káàdì kejì nípamọ́.

Owó Íjíbítì tí wọ́n ti ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, fún ọkọ̀ ojú omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti àwọn tó bá ràn yín lọ́wọ́. Omi, fìlà tó bo ọrùn, bàtà tí kì í yọ̀, tọ́ọ̀ṣì kékeré. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin ni kí ẹ lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá ìwọ̀n 40, kò sì sí igi ní Àfonífojì Àwọn Ọba, níbi tí àwọn ibojì wà.

Ìwé pélébé kan àti bírò. Ẹ máa rí ìwúlò rẹ̀ báyìí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́ àmì mẹ́fà nílé

Lára ogiri, ẹ máa rí ìlà kan tó ṣe gbọọrọ, tó yípo bí okùn tí wọ́n so nídìí, tí àwọn àwòrán kéékèèké wà nínú rẹ̀. Àwọn afinimọ̀nà ń pè é ní cartouche. Orúkọ ọba ló sábà máa ń wọ inú rẹ̀, orúkọ méjì lọba sì sábà máa ń kọ báyẹn: orúkọ tí wọ́n bí i mọ́, àti orúkọ oyè tó gbà nígbà tó gorí ìtẹ́. Orúkọ oyè ni kí ẹ kọ́, torí òun ló rọrùn jù. Ẹ ya àmì mẹ́fà yìí sínú ìwé yín:

- Oòrùn: ìyípo róbótó, òun ló sábà máa ń wà níwájú.
- Obìnrin tó jókòó, tí ìyẹ́ kan dúró lórí rẹ̀. Maat nìyẹn, òtítọ́ àti ètò ayé.
- Yímíyímí. Kòkòrò tí gbogbo wa mọ̀ náà ni.
- Ọpọ́n ayò tí wọ́n to ọmọ ayò sí lórí. Láti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n yà á, nítorí náà ó jọ òòyà tó kọ eyín sókè.
- Apá méjì tí wọ́n nà sókè.
- Apẹ̀rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí kọdọrọ.

Ẹ wá pa wọ́n pọ̀. Oòrùn, obìnrin àti apá méjì: Hatshepsut, obìnrin tó jọba. Oòrùn, ọpọ́n àti yímíyímí: Thutmose kẹta. Oòrùn, obìnrin àti apẹ̀rẹ̀: Amenhotep kẹta. Oòrùn, obìnrin àti ọpọ́n: Seti kìíní. Oòrùn, yímíyímí tó ní ìlà mẹ́ta nísàlẹ̀, àti apẹ̀rẹ̀: Tutankhamun.

Ramesses kejì lẹ máa rí jù lọ, orúkọ tirẹ̀ sì gùn díẹ̀: oòrùn, orí ajáko lórí ọ̀pá, obìnrin oníyẹ̀ẹ́, àti àwọn àmì míì lẹ́yìn wọn. Ẹ má dààmú ara yín lórí rẹ̀. Bí cartouche bá jìn wọnú òkúta débi tí ìka lè wọ inú rẹ̀, tó sì wà níbi gbogbo tẹ́ ẹ bá yíjú sí, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* àwọn kan máa ń rò pé láti òsì sí ọ̀tún ni gbogbo rẹ̀ ń lọ bíi tiwa. Ẹ wo ibi tí ẹyẹ àti èèyàn inú ìkọ̀wé náà kọjú sí; ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wá fọ́tò cartouche Thutmose kẹta àti ti Seti kìíní lórí Google. Bí ẹ bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀ láìwo ìwé yín, ẹ ti ṣe tán.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ sùn sí ẹ̀gbẹ́ ibojì

Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá wà ní ìlà oòrùn odò. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ wá ilé àlejò sí ìwọ̀ oòrùn, ó kéré tán ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá sùn síbẹ̀ lè dé Àfonífojì Àwọn Ọba ní agogo mẹ́fà àárọ̀ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kí àwọn bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò tó kóra dé. Ẹni tó bá sùn sí òdìkejì lè wọ ọkọ̀ ojú omi tí àwọn ará ìlú ń wọ̀, tó máa ń gbéra nítòsí tẹ́ńpìlì Luxor. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọkọ̀ yẹn kò ṣiṣẹ́ lónìí, ọkọ̀ tirẹ̀ ló fẹ́ kí ẹ wọ̀.

Ẹ bá onítakisí dúnàádúrà fún gbogbo ọjọ́ náà, kí ẹ dárúkọ ibi tí ẹ ń lọ níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi kún un pé ẹ ò fẹ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù òkúta alabásítà kankan. Bí ẹ ò bá sọ ọ́ ṣáájú, ibẹ̀ ni wákàtí kan máa bá lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Àfonífojì Àwọn Ọba

Ibojì tí wọ́n ti rí níbẹ̀ lé ní 60, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Tíkẹ́ẹ̀tì gbogbogbòò máa ń jẹ́ kí ẹ wọ mẹ́ta. Ibojì Tutankhamun, ti Seti kìíní àti ti Ramesses kẹfà ní tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn lọ́tọ̀, ẹnu ọ̀nà sì lẹ ti máa rà á. Tí ẹ bá ti wọlé tán kí ẹ tó rántí, ẹ máa padà sẹ́yìn nínú oòrùn ni.

Bí wọ́n ṣe ń yan mẹ́ta yìí ló ń ba ọjọ́ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á wọ èyí tó bá sún mọ́ wọn, tàbí èyí tí èrò tò sí iwájú rẹ̀ jù, gbogbo rẹ̀ á sì dàrú pọ̀ lójú wọn. Ẹ yàn án kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra wọn.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ti Thutmose kẹta, KV34 (KV àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá ibojì àfonífojì yìí mọ̀), bí ó bá ṣí. Òpin àfonífojì ló wà, ẹ máa gun àkàsọ̀ irin wọ ihò àpáta kí ẹ tó tún sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà àárọ̀ nìkan ló dára fún un. Yàrá òkú rẹ̀ rí gbọọrọ, igun rẹ̀ yípo bíi ti cartouche gan-an. Àwòrán ara ogiri jẹ́ ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín, dúdú àti pupa, bí ẹni pé wọ́n tú ìwé òrépèté sórí ògiri. Ìrìn àjò oòrùn láàárín wákàtí méjìlá òru ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tí eékún bá ń dùn kó má gun ibẹ̀ o. Kó lọ sí ti Ramesses kẹrin, KV2, tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, ẹ sì máa rí ìkọ̀wé àwọn Kọ́ptíìkì, ìyẹn àwọn Kristẹni ọmọ Íjíbítì ayé àtijọ́, tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé lára ogiri rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ti Ramesses kẹta, KV11. Ẹ rìn lọ títí ọ̀nà á fi yà sí ẹ̀gbẹ́ lójijì. Ẹ dúró níbẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ ibojì náà ló ṣèèṣì gbẹ́ já sínú ibojì ọba Amenmesse tó wà létí rẹ̀, ni wọ́n bá ní láti yí ọ̀nà padà. Nínú ọ̀kan lára àwọn yàrá kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ya àwọn afọ́jú tó ń ta háàpù.

Tí owó bá wà, ẹ fi ti Ramesses kẹfà, KV9, parí rẹ̀. Mi ò mọ ibòmíràn ní àfonífojì náà tó tó o. Ẹ gbójú sókè nínú yàrá òkú: Nut, òrìṣà obìnrin ojú ọ̀run, ló na ara rẹ̀ gbọọrọ ní ẹ̀ẹ̀mejì lára àjà, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Ní alẹ́, ó gbé oòrùn mì; òru mọ́jú, oòrùn gba inú ara rẹ̀ kọjá; ní òwúrọ̀, ó tún bí i. Ẹ tọpa ìyípo pupa náà láti ẹnu rẹ̀ títí dé ibi tó ti bí i. Ẹ fún un láyè dáadáa.

Ibojì Tutankhamun, KV62, wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ KV9 níbẹ̀. Ahéré àwọn òṣìṣẹ́ ibojì Ramesses kẹfà ló bò ó mọ́lẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí Howard Carter, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó rí àtẹ̀gùn rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1922. *Ẹ ṣọ́ra níbí:* wúrà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń retí, wọn kì í bá wúrà tí wọ́n ń retí yẹn níbẹ̀. Ìbòjú wúrà náà àti ẹrù rẹ̀ tó lé ní 5,000 wà ní Giza, nínú mùsíọ́ọ̀mù ńlá tí wọ́n ṣí gbangba ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ohun tó wà nínú ibojì ni òkú ọba fúnra rẹ̀, pósí òkúta rẹ̀ àti yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n kun. Ìnàkí méjìlá wà lára ogiri kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wákàtí òru kan. Bí owó tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló bá kù, KV9 ni kí ẹ rà.

Fọ́tò fóònù kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n iná kámẹ́rà ń pa ọ̀dà àtijọ́ náà lára, wọ́n sì ti kà á léèwọ̀. Ẹ̀ṣọ́ lè ju ọwọ́ sí yín pé kí ẹ wá wo kọ̀rọ̀ kan tí wọ́n tì. Owó ló máa béèrè lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí wọ́n tì sì ní ìdí tí wọ́n fi tì í. Ẹ kí i pẹ̀lú ọ̀yàyà, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹ tó kúrò ní ibojì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: orúkọ ọba, ohun kan tí ibojì tó ṣáájú kò ní, àti ibi tí cartouche rẹ̀ wà. Bí ọ̀kan bá ṣòfo, ẹ padà wọlé kí ẹ tó jìnnà.

Ìgbésẹ̀ 4: Tẹ́ńpìlì Hatshepsut ní Deir el-Bahari

Ojú òkè àpáta ló kọ́ ọ sí, ìpele mẹ́ta. Tààrà ni àwọn èèyàn máa ń gùn lọ sókè pátápátá, tí wọ́n sì ń fi ìpele kejì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ yà sí òsì ní ìpele kejì. Ọkọ̀ ojú omi márùn-ún ni ọbabìnrin náà rán lọ sí ilẹ̀ Punt, ilẹ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n ti ń kó tùràrí wá, wọ́n sì ya ìrìn àjò náà síbẹ̀: ilé orí òpó tí wọ́n ń fi àkàsọ̀ gùn, ayaba ilẹ̀ Punt tó sanra rọ̀pọ̀tọ̀, igi tùràrí tí wọ́n kó sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ wo omi lábẹ́ ọkọ̀ dáadáa, wọ́n ya ẹja oríṣiríṣi sí i.

Ẹ wá cartouche oòrùn, obìnrin àti apá méjì. Ẹ máa rí i pé wọ́n ti fi òkúta ha á kúrò níbi púpọ̀, tí wọ́n sì ha àwòrán rẹ̀ náà. Ìgbà Thutmose kẹta, ọmọ ọkọ rẹ̀, ni wọ́n ṣe é, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ti rí orúkọ rẹ̀ kan tó kù láìfọwọ́kàn, àti òjìji rẹ̀ kan tí wọ́n pa rẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Abúlé àwọn agbẹ́bojì àti Medinet Habu

Ibí yìí ni àwọn onímọ́tò máa ń fẹ́ fò. Ẹ má gbà fún wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì Deir el-Medina àti ti Medinet Habu kì í sí lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lójú ọ̀nà, lẹ́yìn àwọn ère ńlá méjì Amenhotep kẹta, ni wọ́n ti máa ń tà á. Ẹ yà síbẹ̀ ṣáájú. Àwọn ère náà ga tó mítà 18, ẹ sì lè wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ látojú títì.

Deir el-Medina ni ìlú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó gbẹ́ ibojì àwọn ọba. Ìpìlẹ̀ ilé wọn ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí owó iṣẹ́ wọn, ìyẹn ọkà, kò dé lásìkò ní ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n ìjọba Ramesses kẹta, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ńpìlì. Ìwé òrépèté tó ròyìn rẹ̀ wà ní Turin, ní Ítálì. Ẹ wọ ibojì Sennedjem, ọ̀kan lára àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà (nọ́ńbà rẹ̀ ni TT1). Ó kéré, ẹ máa tẹ̀ ba wọlé, àwọ̀ rẹ̀ sì tàn débi pé èèyàn lè rò pé àná ni wọ́n kùn ún: òun àti ìyàwó rẹ̀ Iyneferti ń fi màlúù túlẹ̀, wọ́n ń kórè, nínú oko ọ̀run. Ọkùnrin tó ń ṣe ilé òkú fún ọba ló ṣe èyí fún ara rẹ̀.

Medinet Habu ni tẹ́ńpìlì Ramesses kẹta. Ó bẹ̀rù kí ọba míì má pa orúkọ òun rẹ́, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn. Nínú ọgbà rẹ̀, ẹ wá ibi tí àwọn akọ̀wé ti ń ka òkìtì ọwọ́ tí wọ́n gé lára ọ̀tá. Ẹ tún gbójú sókè sí abẹ́ àjà nínú ọgbà kejì, àwọ̀ búlúù rẹ̀ ṣì wà.

Ìgbésẹ̀ 6: Karnak, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì

Karnak tóbi, ó ń rẹ èèyàn. Ẹ má gbìyànjú láti wo gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀nyí ni kí ẹ dójú lé.

Àkọ́kọ́, gbọ̀ngàn olópòó 134. Àwọn 12 tó wà láàárín ga tó mítà 21. Ní ẹ̀gbẹ́ àríwá, àwòrán ara ogiri yọ síta, ó rí jẹ́jẹ́: iṣẹ́ Seti kìíní nìyẹn. Ní gúúsù, wọ́n gbẹ́ ẹ wọnú òkúta: Ramesses kejì, ọmọ rẹ̀. Ẹ dúró sí àárín, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì. Bí oríkì ni ogiri yìí ń sọ ẹni tó ni ín, ojú lẹ kàn máa fi gbọ́ ọ. Bí òjìji bá pọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú, ìlà á sì yọ.

Ìkejì, òpó ṣóńṣó Hatshepsut, òkúta kan ṣoṣo tó ga tó mítà 29, tó ṣì wà ní ìnàró. Wọ́n mọ ògiri yí ìdí rẹ̀ ká láti fi í pamọ́, ògiri náà ló sì dáàbò bo ìkọ̀wé rẹ̀.

Ìkẹta, ère yímíyímí ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún. Amenhotep kẹta ló ṣe é. Wọ́n á ní kí ẹ yí i ká fún oríire. Bó bá wù yín, ẹ yí i, ṣùgbọ́n ẹ wá orúkọ ọba náà lára rẹ̀ ná.

*Àyẹ̀wò:* láìbi ẹnikẹ́ni, ẹ rí ó kéré tán orúkọ ọba mẹ́ta ní Karnak. Bí ẹ bá rí cartouche tó ní oòrùn, ọpọ́n àti yímíyímí, ẹ mọ ẹni náà.

Ìgbésẹ̀ 7: Mùsíọ́ọ̀mù ní ọ̀sán, tẹ́ńpìlì Luxor ní àṣálẹ́

Mùsíọ́ọ̀mù Luxor kò tóbi, ó tutù, wọ́n sì to nǹkan ibẹ̀ dáadáa. Àwọn ère tí wọ́n rí lábẹ́ ilẹ̀ ọgbà tẹ́ńpìlì Luxor ní ọdún 1989 wà níbẹ̀, ère Thutmose kẹta náà wà níbẹ̀. Òkú ọba Ahmose wà níbẹ̀, àti òmíràn tí wọ́n gbà pé Ramesses kìíní ni, tó wà ní Àríwá Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí mùsíọ́ọ̀mù kan ní Atlanta tó dá a padà ní ọdún 2003. Ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá yẹn.

Ẹ dé tẹ́ńpìlì Luxor kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ lè rí i ní ọ̀sán àti lábẹ́ iná. Òpó ṣóńṣó kan ló kù níwájú rẹ̀. Èkejì rẹ̀ ti wà ní ìdúró ní Paris láti ọdún 1836. Nínú ọgbà àkọ́kọ́, ẹ wo mọ́sálásí Abu Haggag. Ilẹ̀kùn rẹ̀ àtijọ́ kan so rọ̀ lókè ogiri, torí pé ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ, yanrìn àti ilé ti bo tẹ́ńpìlì dé ibẹ̀. Wọ́n ṣì ń kírun nínú rẹ̀, nítorí náà tí wọ́n bá ń pe àdúrà, ẹ dákẹ́. Ẹ wọlé síwájú sí i títí ẹ ó fi dé yàrá tí Alexander, ará Makedóníà, ti wọ aṣọ Fáráò lára ogiri. Ní ìtòsí rẹ̀, àwọn ará Róòmù rẹ́ ògiri, wọ́n sì ya àwòrán tiwọn sórí ti àwọn tó ṣáájú wọn.

Níta, wọ́n á mú yímíyímí òkúta àti ère kéékèèké wá bá yín, wọ́n á sọ ọ́ sí yín létí pé ojúlówó ni, láti inú ibojì. Ẹ ra ohun tí wọ́n ṣe lónìí, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Òfin 117 ọdún 1983 ti fòfin de títà àti kíkó ohun àtijọ́ jáde ní Íjíbítì. Bí ó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n pa, ẹ ti fowó ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ọlọ́pàá ló máa bá yín sọ ọ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Kí ẹ tó di ẹrù, ẹ tú u wò: rìsíìtì fún gbogbo ohun tó jọ ohun àtijọ́, kò sì sí òkúta kankan, bó ti wù kó kéré tó, tí ọmọdé ṣà nílẹ̀ tẹ́ńpìlì sínú àpò.